Orúkọ àwọn aláriwo: ẹ wá sọ tiyín

Tíṣà ìwé kẹrin, Ìlọrin:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyà àti ẹ̀bùn nílé ìwé ni mo gbé wá, kí oníkálukú sọ èyí tójú ẹ̀ rí. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀, torí èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Ọmọ 56 ló wà ní kíláàsì mi. Bí wọ́n bá pè mí sọ́fíìsì, mọ́nítọ̀ ló máa ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀ dè mí. Tí mo bá dé, mo mú pàṣán nìyẹn, méjì-méjì lọ́wọ́. Mi ò ní béèrè nǹkan kan. Orúkọ ọmọkùnrin kan kì í wọ́n nínú ìwé yẹn. Nígbà tó yá, kí n tó pè é ló ti máa na ọwọ́, á wá máa wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Lọ́jọ́ kan mo gba ìwé náà, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Òróró ti rin ín. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: orúkọ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi bíírò ha dànù, wọ́n ha á débi pé ìwé lu. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀, kúlíkúlí ni. Àṣé ẹni tó bá ti fún mọ́nítọ̀ ní kúlíkúlí, orúkọ ẹ̀ á kúrò. Ọmọ tí mo sì ń nà lójoojúmọ́ yìí, wọn kì í fún un lówó wá sílé ìwé.

Ojú tì mí o. Mi ò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá lẹ páálí mọ́ ògiri, orúkọ ẹni tó ṣe dáadáa ni mò ń kọ síbẹ̀, mo ń fowó ara mi ra bíírò àti ìwé fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì, kíláàsì rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ márùn-ún kan náà ló ń gbà á ní gbogbo ìgbà. Ọmọbìnrin kan wá bá mi: "Àǹtí, àwọn tó ń gbà á náà ni wọ́n á máa gbà á, àbí?" Mi ò rí èsì fún un.

Èyí tí mò ń ṣe báyìí ò ná mi ní kọ́bọ̀. Agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan fún ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan, èkùrọ́ wà lórí tábìlì mi. Bí ìlà kan bá tètè fara balẹ̀, tàbí ẹnì kan níbẹ̀ yá ẹlòmíì ní rúlà láìjà, mo ju ẹyọ kan sínú agolo wọn, mo sì sọ ohun tí wọ́n ṣe tí mo fi jù ú. "Kò!" tó ń dún yẹn, ẹ wá wo bí gbogbo ọrùn ṣe máa ń yí. Ìlà tí agolo ẹ̀ bá kún ló máa kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Jímọ̀. Èyí tó bá ti wọnú agolo kì í jáde mọ́. Mo ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni wọ́n ti lu ọmọ tó jẹ́ kí n yọ ọ́.

Igbákejì ọ̀gá, girama kan lẹ́bàá Òmù-Àrán:

Tiwa, pípẹ́ lẹ́yìn ni. Ẹni tó bá pẹ́ dé, koríko ni yóò máa gé títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ á fi parí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọjọ́ tí ìṣirò bá wà láàárọ̀ ni àwọn apẹ́lẹ́yìn ń pọ̀ jù. Wọ́n á ti mú àdá bọ̀ láti ilé! A sún koríko sí ìgbà tí a bá ṣíwọ́, wọ́n dín kù.

Ó wá ku ọmọbìnrin kan. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo kà á: ọjọ́ ọjà ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí. Òun ló ń ru gàrí ìyá ẹ̀ lọ. Ìyà kí ni n ó fi jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo ránṣẹ́ sí ìyá, a jọ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń fi ọ̀kadà gbé gàrí náà báyìí.

Ọmọ Pàkátà, Ìlọrin:

Ẹ má bínú o, ẹgba ló sọ èmi dèèyàn. Nílé kéú tiwa, ẹni tí kò bá há wàláà ẹ̀ sórí ò ní jókòó. Ìyá mi fúnra ẹ̀ ló ń wí fún alfa pé, "Ẹ bá mi nà án dáadáa." Àmọ́ ká sòótọ́, ọjọ́ tí mò ń rántí jù kì í ṣe ọjọ́ ẹgba. Ọjọ́ wólímọ̀ mi ni, pẹ̀lú aṣọ funfun, tí ìyá mi ń fi ìborùn nu ojú.

Igbákejì ọ̀gá:

Ará Pàkátà, òfin gan-an ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Abala 55 nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò lápá àríwá, gba olùkọ́ láyè láti bá ọmọ tí kò tíì pé 18 wí, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ní tiẹ̀, ní abala 11, ní a ò gbọdọ̀ fi ìyà ìkà tàbí ìyà ẹ̀tẹ́ jẹ ọmọ. Àárín àwọn méjèèjì ni tíṣà ń rìn. Mo ti gbé pàṣán tèmi sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò sọ pé mo ti jù ú nù o.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọ̀ffà:

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kíláàsì tó bá mọ́ jù ni wọ́n máa kó lọ wo ère Èsìẹ́. Odindi táàmù la fi gbálẹ̀. A sì borí. Nígbà tó ku ọ̀la, àwọn mẹ́ta kan fọ́ fèrèsé, ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́. Ìrẹsì tí ìyá mi ti dì sínú kúlà, inú ilé ni mo ti jẹ ẹ́. Mi ò tún fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ níbẹ̀ mọ́ àyàfi tí wọ́n bá dúró tì mí.

Ìgbà tí mo lọ́kọ tán ni mo tó dé Èsìẹ́. Musíọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mò ń wò wọ́n, inú ọ̀gá yẹn ló ń bí mi.

Àǹtí Ìlọrin, mọ́nítọ̀ oníkúlíkúlí yẹn ńkọ́? Kí lẹ ṣe fún un?

Tíṣà ìwé kẹrin:

Òun ló ń ka èkùrọ́ báyìí. Mo máa ń tún un kà lẹ́yìn ẹ̀.