Bátìrì fóònù ti gbówó lórí: ṣé cobalt ń tán lọ ni?

Àbẹ̀kẹ́ Lágere
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Lágere, n'Ífẹ̀ níbí. Ẹni tó ń kó bátìrì fún mi l'Ékòó tún ti fowó kún un, ó ní cobalt, mẹ́tàlì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, ò ti Kóńgò jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ayédèrú wà lọ́jà, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n mi ò ní fi sí fóònù ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ó ti ń tán nínú ilẹ̀ ni? Àwọn bátìrì tó ti wú tí mo ń yọ sọ́tọ̀ ńkọ́, ṣé cobalt ṣì wà nínú wọn?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Iléṣà
Àbẹ̀kẹ́, kò tán o. Ọwọ́ tó dì í mú ló kéré. Tá a bá pín cobalt tí gbogbo ayé ń wà sí mẹ́wàá, Kóńgò nìkan ń wa bíi méje. Ṣáínà ló sì ń fọ èyí tó pọ̀ jù mọ́ kí bátìrì tó lè lò ó. Ó pọ̀ lọ́jà jù, owó rẹ̀ já wálẹ̀, ni Kóńgò bá dá kíkó rẹ̀ jáde dúró lóṣù kejì 2025. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó gbà kó máa jáde, wọ́n sì ń wọn iye tó lè jáde.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn mẹ́tàlì inú fóònù ò ní kòtò tiwọn. Ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà ni wọ́n ti ń rí cobalt. Indium tó ń jẹ́ kí ojú fóònù mọ̀ pé ìka kàn án, ara síǹkì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bó ti wù kó gbówó tó, ta ló máa tìtorí ẹ̀ gbẹ́ kòtò síǹkì tuntun? Gallium, ara ohun tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ̀mù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, Ṣáínà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a ṣe. Láti oṣù kẹjọ 2023, ẹni tó bá gbàwé àṣẹ nìkan ló lè kó o jáde níbẹ̀.

Ọmọ Sábó
Àǹtí, wíwú ò yọ cobalt kúrò, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù làwa tá à ń ra àlòkù ń wá jù, torí wúrà ara rẹ̀. Bátìrì, ààtàn ni wọ́n ń dà á sí, ó sì ń dùn mí. Ẹ má gún un o. Èyí tó bá jò máa ń rùn bí ohun ìkunèékánná. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ẹ gbé e síta kíá. Ẹ fi téèpù bo ẹnu bátìrì níbi tí iná ti ń jáde, kẹ́ ẹ tò wọ́n sínú garawa onírin pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Lágere
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọmọ Sábó, o ṣeun. Bátìrì sólà ńkọ́, ṣé Kóńgò náà ló ń mú un gbówó?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Iléṣà
Rárá. Èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára kò ní cobalt rárá. Irin àti fọ́sífétì ló bá lithium inú ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ náà.