Eré ṣíṣe ní kíláàsì tí wọ́n ti ń yọ ara wọn lẹ́nu

Tíṣà Adó-Èkìtì: Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́. Praimárì 4: àwọn kan máa ń fi báàgì dí ààyè orí bẹ́ǹṣì kí ọmọ kan má baà jókòó. Báwo la ṣe lè fi eré tún un ṣe?

Àgbà Olùkọ́: Ẹ lo ọ̀nà Augusto Boal, onítíátà ará Brazil. Eré ìṣẹ́jú 3, kó parí síbi tó burú. Ẹ tún un ṣe, òǹwòran tó bá ké "Dúró!" á rọ́pò ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu tàbí ọ̀rẹ́ tó ń wòran. Kò gbọdọ̀ rọ́pò aninilára, torí aninilára kì í ṣàdédé yí padà.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lóòótọ́ kọ́ ni kẹ́ ẹ fún ní ipa ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ lo orúkọ Ìjàpá àti Ìgbín nínú eré. Tẹ́ ẹ bá parí, kí kálukú gbọn ọwọ́, kó pe orúkọ ara rẹ̀, kí orúkọ eré má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Àgbà Olùkọ́: Ọmọ 5 lẹ́gbẹ́ kan. Ẹ ṣẹ́ gègé. Tí wọ́n bá yan ara wọn, ọmọ kan náà ló máa ń ṣẹ́kù.