Lórí “ìbáramu tó súnmọ́ ọn jù”: orúkọ yìí lè ṣi ẹni tó ń múra ìdánwò Excel lọ́nà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a dá lábàá fún àwọn tó ń múra ìdánwò Excel, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá wáṣẹ́ sí ẹ̀ka ìṣúná. Púpọ̀ nínú wọn dára. “Ìlà” (row) àti “òpó” (column) ti fìdí múlẹ̀, “àpótí” (cell) náà kò sì ní wàhálà. Ibi tí mo ti fẹ́ jiyàn ni “ìbáramu tó súnmọ́ ọn jù”, tí a dá lábàá fún irú ìwákiri tí VLOOKUP (fọ́múlà tó ń wá nǹkan nínú òpó àkọ́kọ́ tábìlì, tó sì ń mú ohun tó wà ní ìlà kan náà wá) ń ṣe bí a bá kọ TRUE sí àyè kẹrin rẹ̀, tàbí tí a kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá iṣẹ́ tí fọ́múlà yẹn ń ṣe mu.

Ẹ wo tábìlì kọmíṣọ̀n onílà mẹ́ta yìí. Láti 0, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 100,000, ìdá 7. Láti 250,000, ìdá 10. Ẹnì kan ta ọjà 249,000. Bó bá jẹ́ pé èyí tó súnmọ́ ọn jù là ń wá lóòótọ́, 250,000 ni à bá mú, torí 1,000 péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n =VLOOKUP(249000,A2:B4,2) máa mú 7 wá. Nọ́ńbà tó tóbi jù nínú àwọn tí kò ju 249,000 lọ ló ń wá, kì í gòkè kọjá rẹ̀ láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní “ìbáramu onípele”: ẹni tí kò bá tíì dé ìpele òkè, ìpele ìsàlẹ̀ ló ṣì wà. Orúkọ yìí tún ń rán ni létí pé àwọn ìpele náà gbọ́dọ̀ tò láti kékeré dé ńlá. Bí wọn kò bá tò, fọ́múlà lè gbé ìdáhùn tí kò tọ́ wá láìsí àmì àṣìṣe kankan, kò sì sí ohun tó máa jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe ìdánwò fura.

Fún èkejì rẹ̀, “ìbáramu gẹ́lẹ́” tó. FALSE tàbí 0 la máa ń kọ fún un. Kí ẹni tó ń kọ́ni má gbàgbé pé XLOOKUP, fọ́múlà ìwákiri tuntun tó jọ VLOOKUP, yàtọ̀: ìbáramu gẹ́lẹ́ ló ń ṣe bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn, -1 la sì máa kọ sí àyè karùn-ún bó bá jẹ́ ìpele la fẹ́.

Ẹnì kan ní ká sọ VLOOKUP gan-an lórúkọ, pé SVERWEIS làwọn ará Jámánì ń tẹ̀, RECHERCHEV làwọn ará Faransé ń tẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Excel tiwọn gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ wọn. VLOOKUP lẹni tiwa máa tẹ̀ níwájú aago ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ fọ́múlà sílẹ̀ bó ṣe wà, ká dá ọ̀rọ̀ fún èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì dọ́là tí a ń fi sínú àdírẹ́sì àpótí wá ńkọ́? “Ìtọ́ka aláìyípadà” ni wọ́n dá lábàá fún $B$4. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rò pé ohun tó wà nínú àpótí náà ni kò lè yí padà, bẹ́ẹ̀ a lè yí i padà nígbàkigbà. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni kì í ṣípò bí a bá da fọ́múlà kọ síbòmíràn. “Ìtọ́ka adúrósójúkan” ló sọ ọ́ yé. Èyí tí kò ní àmì a jẹ́ “ìtọ́ka alábàárìn”. Ibi tí ìdánwò ti ń dán ni wò jù ni èyí tó ní àmì kan ṣoṣo. Ká ní iye owó wà ní B4 dé F4, iye ọjà sì wà ní A5 dé A9. Fọ́múlà kan péré ló yẹ ká kọ sí B5, =$A5*B$4, ká wá dà á kọ dé F9. Ẹni tó bá kọ =A5*B4 máa rí i pé ní C5 ó ti di =B5*C4: ìdáhùn àpótí ẹ̀gbẹ́ ló ń sọ di púpọ̀, nọ́ńbà á sì máa wú lọ sápá ọ̀tún. Bọ́tìnnì F4 orí kíbọọ̀dù (kì í ṣe àpótí F4) ló máa ń yí àmì náà: $B$4, B$4, $B4, B4.

“Iye òní àpapọ̀” fún NPV (net present value), ìyẹn iye tí owó ọjọ́ iwájú jẹ́ lónìí lẹ́yìn tí a bá yọ ìnáwó, kò tẹ́ mi lọ́rùn. “Àṣẹ́kù lówó òní” dára jù, torí ìnáwó ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ pé fọ́múlà NPV gbà pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ wọlé ní òpin ọdún kìíní, kì í ṣe lónìí. Bí a bá ná 1,000 lónìí, tí 500 ń wọlé lópin ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún 3, =B2+NPV(10%,C2:E2) ló tọ́, níbi tí B2 jẹ́ -1000, tí C2 dé E2 jẹ́ 500 kọ̀ọ̀kan, tí 10% sì jẹ́ ìdá tí a fi ń dín owó ọjọ́ iwájú kù lọ́dọọdún. Ó máa fún wa ní 243.43. =NPV(10%,B2:E2) máa fún wa ní 221.30. Méjèèjì ló ju 0 lọ, ìdí nìyí tí àṣìṣe náà fi ń yọ́ kọjá. XNPV, èyí tó ń lo ọjọ́ gan-an tí owó wọlé tàbí jáde, kò rí bẹ́ẹ̀: kì í dín iye ọjọ́ àkọ́kọ́ kù, nítorí náà inú rẹ̀ ni ìnáwó ń wà.

“Àṣìṣe” fún #N/A, tí Excel ń kọ bí ìwákiri kò bá rí nǹkan, náà le jù. “Kò sí” ló túmọ̀ sí, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí à ń wá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àyè òfìfo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tàbí kí nọ́ńbà jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú Excel. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fara ti apá òsì àpótí. TRIM máa gé àyè òfìfo kúrò, VALUE máa sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Kí a tó fi IFERROR, tó ń fi ohun tí a bá yàn rọ́pò àṣìṣe gbogbo, bo gbogbo rẹ̀, ká kọ́kọ́ gbìyànjú IFNA, tó ń rọ́pò #N/A nìkan, torí IFERROR á bo àṣìṣe gidi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Mo fọwọ́ sí “nọ́ńbà àfọwọ́tẹ̀” fún èyí tí a tẹ̀ sínú fọ́múlà, bíi =C5*1.1. Kí 10% tó fara sin sínú 1.1 yẹn ní àpótí tirẹ̀, ní àwọ̀ búlúù, kí fọ́múlà wà ní dúdú, bí àwọn oníṣúná ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó fi fáìlì sílẹ̀, kí wọ́n tẹ Ctrl àti ` pọ̀: fọ́múlà á hàn nínú gbogbo àpótí, wọ́n á sì rí nọ́ńbà àfọwọ́tẹ̀ tó ṣẹ́kù tí ó yẹ kí wọ́n yọ jáde.