Ẹ̀yin tí ẹ ń lo QEMU ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ti lo QEMU fúnra wọn, ìyẹn pírógíráàmù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn, ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Laptop Intel ni mo ní, mo sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ARM àti RISC-V, irú pírósẹ́sọ̀ mìíràn, láìra bọ́ọ̀dù kankan, torí owó bọ́ọ̀dù ti kúrò ní kékeré. Ṣé ó ṣe é fi ṣiṣẹ́ gidi, àbí eré lásán ni? Ẹ sọ tiyín.

Jẹ́jẹ́ Layé: Ojú mi rí tó. Ó lọ́ra bí nǹkan míì.

Ìyá Kóòdù: Jẹ́jẹ́ Layé, kí lo gbé sórí kí ni? Bó bá jẹ́ x86 (irú pírósẹ́sọ̀ Intel àti AMD) lo ń gbé sórí x86 láìsí KVM, ohun inú Linux tó ń jẹ́ kí QEMU lo pírósẹ́sọ̀ rẹ gan-an, kò sí bí kò ṣe ní lọ́ra. Tẹ `ls /dev/kvm` kí o wò ó. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ inú BIOS, ètò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, wá ibi tí wọ́n kọ VT-x tàbí SVM sí, kí o tàn án. Lẹ́yìn náà fi `-enable-kvm` kún àṣẹ rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ARM lórí Intel, KVM ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, TCG, apá QEMU tó ń túmọ̀ àṣẹ, ni gbogbo iṣẹ́ máa já lé léjìká. Ìyẹn gba sùúrù.

Jẹ́jẹ́ Layé: Mà, ó ti jáde! Pípa ni wọ́n ti pa á látọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Debian tí mo máa ń sùn dè tẹ́lẹ̀, ó ti ṣí kí n tó mu gààrí tán. Ẹ ṣeun gan-an.

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Gààrí Ìjẹ̀bú ni àbí? Ìyẹn kì í tètè tán, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí.

Tísà Òde: Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, iṣẹ́ gidi ni mo ń fi ṣe. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bọ́ọ̀dù ARM ò sí, ti RISC-V ni kí n má tiẹ̀ dárúkọ. Laptop tí àwọn ọmọ ń gbé wá, Intel tàbí AMD ni gbogbo wọn. Mi ò wá bá wọn gbé odindi ẹ̀rọ dìde rárá, user mode ni mo lò, èyí tó ń gbé pírógíráàmù kan ṣoṣo. A kọ pírógíráàmù kékeré kan ní C, tó mú nọ́ńbà 0x12345678, tó sì ń tẹ báìtì rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò sínú mẹ́mórì. Wọ́n gbé e lórí ẹ̀rọ wọn, ohun tó jáde ni 78 56 34 12. Ọmọ kan ní, "Sà, ó ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ló ti ń kà á." Mo ní kò burú, ẹ fi kọ̀ǹpáílà s390x kọ́ ọ, ìyẹn ti àwọn ẹ̀rọ ràgàjì IBM, ẹ fi `-static` sí i, kí ẹ wá fi `qemu-s390x` gbé e. Ó di 12 34 56 78. Kóòdù kan náà o, a ò yí lẹ́tà kan padà. Ariwo tó sọ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, ọ̀gá àgbà yọjú lójú fèrèsé. Endianness, ìyẹn bí báìtì ṣe ń tò sínú mẹ́mórì, tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú pátákó láti ayé wo, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yé wọn.

Aláìgbàgbọ́: Ẹ̀rọ IBM, nínú laptop ọmọ iléèwé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tísà, ẹ rọra.

Tísà Òde: Wá sí kíláàsì kí o wá wò ó. A máa fún ọ ní ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá Kóòdù: Kò sí ẹ̀rọ IBM kankan níbẹ̀, Aláìgbàgbọ́. TCG ló wà níbẹ̀. Ó ń mú àṣẹ tí wọ́n kọ fún pírósẹ́sọ̀ kan ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ di àṣẹ tí pírósẹ́sọ̀ tìrẹ gbọ́, ó sì ń fi èyí tó ti yí padà pa mọ́. Bí pírógíráàmù bá tún padà síbẹ̀, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti mọ ìwàásù pásítọ̀ sórí ni. Ní user mode, ohunkóhun tí pírógíráàmù bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ kernel, àárín gbùngbùn Linux, Linux tìrẹ gan-an ló ń dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ti Tísà fi yá. Ní system mode, odindi kọ̀ǹpútà ló máa ṣe bí ẹni pé òun ní: dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aago, gbogbo ẹ̀. Fabrice Bellard, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2003 ló gbé e jáde. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ FFmpeg, pírógíráàmù fídíò àti ohùn.

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Bàbá yẹn! Òun náà ló fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣírò pi dé nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.7 nọ́ńbà, ní ìparí 2009. Ẹlòmíì fi tiẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù.

Aláìgbàgbọ́: Ó wá ṣe gbogbo èyí, ó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ló ń jẹ?

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Ọ̀fẹ́ tí o dárúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn Ìjẹ̀bú sùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ níbí lónìí. Ká ní owó ni wọ́n ń gbà, Tísà ì bá ṣì wà lórí pátákó.

Ọmọ Alárẹ̀: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń náwó tó Ìjẹ̀bú? Wá sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kí o wo ẹṣin, kí o wo aṣọ, kí o wá padà wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ. A mọ ibi tí a ń ná an sí ni. Èwo ni kí n máa ra ohun tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ?

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Ẹ jọ̀ọ́, Rẹ́mọ ni tèmi. Akárìgbò ni mo mọ̀.

Ọmọ Alárẹ̀: Gbèsè àríyá ni Rẹ́mọ mọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìpẹru, inú pírógíráàmù kan ni gbogbo ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà. Ẹnì kan ló kọ ọ́ fún wọn láyé Windows XP, ẹni náà ti wà lókè òkun, kò sì sẹ́ni tó ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́. Dísìkì kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, pírógíráàmù kọ̀, kò gbé lórí Windows ìsinsìnyí. Ìpàdé di ariwo, torí àwọn tó fẹ́ yá owó Iléyá ti wà ní ìdúró.

Mo tú dísìkì, mo so ó mọ́ laptop mi, mo fi `dd` ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo sì fi `qemu-img convert -O qcow2` sọ ẹ̀dà náà di qcow2, irú fáìlì dísìkì ti QEMU. Ìyẹn dára fún ẹni tí àyè ò tó lọ́wọ́ rẹ̀, torí ibi tí òdo nìkan wà lórí dísìkì kì í gba àyè nínú fáìlì náà. Mo gbé e dìde: ojú búlúù, 0x0000007B. Ohun tí ìyẹn ń wí ni pé XP ò rí dísìkì tó yẹ kó ti ṣí, torí IDE, ojú ọ̀nà tí dísìkì fi so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí QEMU fi hàn án kì í ṣe èyí tó ti mọ̀ lára ẹ̀rọ àtijọ́. Mo dá dísìkì padà sínú kọ̀ǹpútà tó ń kú lọ náà, mo pààrọ̀ dráífà IDE rẹ̀ sí Standard Dual Channel PCI IDE Controller, mo paná, mo tún ṣe ẹ̀dà mìíràn. Ó ṣí. Ìyá tó jẹ́ akápò wa bọ́ gíláàsì, ó tún un wọ̀, ó wo laptop, ó wo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a ti yọ wáyà rẹ̀, ó ní: "Èyí ti kú. Ta ló wá wà nínú ìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ Layé: Ta ló wà nínú ìyẹn 😂😂😂

Tísà Òde: Màmá ti ṣàlàyé emulator, irú ohun tí QEMU jẹ́, ju èmi lọ. Ọ̀la ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.

Aláìgbàgbọ́: Akọ̀wé, XP tí ẹ gbé kúrò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ní kí ẹ wá ṣe activation, kí Microsoft fi mọ̀ pé ẹ ra á? Tèmi máa ń pariwo bí mo bá pààrọ̀ RAM lásán.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Volume licence, ìwé àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà púpọ̀, ni tiwa, ìyẹn kì í béèrè.

Aláìgbàgbọ́: Hmm. Ó bọ́gbọ́n mu.

Ọmọ Alárẹ̀: Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀ o, Aláìgbàgbọ́ gbà.

Ìyá Kóòdù: Printer ńkọ́? Irú pírógíráàmù bẹ́ẹ̀, LPT1, ojú ihò printer àtijọ́, nìkan ni wọ́n máa ń mọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Mà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé. LPT1 náà ni. Mo fi `-parallel file:owo.txt` sí i. Ohunkóhun tó bá rò pé òun ń tẹ̀ sórí bébà, inú fáìlì ló ń bọ́ sí, láti ibẹ̀ la ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí printer tuntun. A ka orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti owó wọn mọ́ ìwé ọwọ́, ó pé.

Ìyá Kóòdù: Ó dáa gan-an. Ẹ fi `-nic none` kún un, kí XP yẹn má fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì láé. Láti oṣù kẹrin 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì máa gba QEMU tuntun bó bá ti ń jáde. Ní 2015, inú kóòdù floppy tí ẹnikẹ́ni ò rò mọ́ ni wọ́n ti rí ihò tí wọ́n pè ní VENOM, tí ẹni tó wà nínú fi lè jáde síta.

Jẹ́jẹ́ Layé: Ta ló wà nínú ìyẹn.

Bọ̀dá Fóònù: Ẹ ò tíì ṣe nǹkan. Èmi gbé Windows 98 sórí Android mi nínú bọ́ọ̀sì, láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù.

Aláìgbàgbọ́: Irọ́ funfun.

Ìyá Kóòdù: Kì í ṣe irọ́. Ó ní láti jẹ́ Limbo, QEMU ló wà nínú rẹ̀. Bọ̀dá, ibo lẹ dé kó tó ṣí?

Bọ̀dá Fóònù: Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a kúrò ní Odògbolú. A ti kọjá Ìlíṣàn kí n tó rí Start. Fóònù gbóná débi pé mo ní láti fi hánkáṣíìfù dì í mú.

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Kí lẹ wá fi Windows 98 ṣe?

Bọ̀dá Fóònù: Solitaire.

Aláìgbàgbọ́: Mo gbà á gbọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa parọ́ irú ìyẹn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti gbé Debian RISC-V dìde pẹ̀lú `qemu-system-riscv64`, ó ń rìn jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n ó ń rìn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ò sí. Mo ping 8.8.8.8, kò sí ìdáhùn. Dátà wà lórí fóònù mi o.

Ìyá Kóòdù: `apt update` ńkọ́?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ìyẹn ń lọ! Báwo?

Ìyá Kóòdù: User networking, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí QEMU fúnra rẹ̀ ń ṣe, lo ń lò, àdírẹ́sì rẹ á jẹ́ 10.0.2.15. TCP àti UDP, tí apt àti ọ̀pọ̀ pírógíráàmù ń lò, ń kọjá níbẹ̀, ping kì í sábà rí ọ̀nà. Má fi ping dá a lẹ́jọ́.

Ọmọ Alárẹ̀: Ẹ gbà mí. Ẹ̀yin lẹ kó mi sí i. Mo fi `-nographic` gbé tèmi, láìsí fèrèsé, nínú tẹ́míná nìkan, mi ò mọ bí mo ṣe máa jáde. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń tẹ Ctrl+C.

Ọmọ Sábó Ṣàgámù: Ìjẹ̀bú, sanwó ìjáde.

Tísà Òde: Ctrl+A, gbé ọwọ́ kúrò, kí o wá tẹ X.

Ọmọ Alárẹ̀: Mo ti jáde. Ọmọ Sábó, kò ná mi ní kọ́bọ̀.