Mo ti mú ọta ìbọn tí mo béèrè nípa rẹ̀

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọdẹ. Mo béèrè èwo ló dáa fún ẹran tó bá wà lọ́nà jíjìn, nínú oríṣi ọta ìbọn méjì, 6.5 Creedmoor àti .300 Winchester Magnum. 6.5 ni mo mú. Magnum lágbára jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń ta èèyàn léjìká, ẹ̀rù rẹ̀ á ti mú kí n ṣẹ́jú kí ọta tó jáde. Ọta 6.5 gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé e yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé awò ńlá tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn ni kí n kọ́kọ́ rà, ẹ má bínú: ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹran ṣe jìnnà tó ni mo rà. Ní 400 mítà, ọta á ti wálẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń fojú díwọ̀n. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, mi ò ní yìnbọn kọjá 300.