Àlàbí ò fẹ́ dé àkoto lórí quad, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Àlàbí, Alberta, Kánádà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú òtútù tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ọmọ Ìlọrin sì ni bàbá Àlàbí. Ẹ̀gbẹ́ oko là ń gbé níbí. Aládùúgbò wa ra quad kékeré fún àwọn ọmọ rẹ̀, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ó sì ní kí Àlàbí máa wá bá wọn gùn ún ní Sátidé. Ọmọ ọdún 6 ni. Bàbá rẹ̀ ti gbà fún un. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé ó ń pè é lójú oorun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú àkoto jáde báyìí, ẹkún dé. Á ní ó ń fún òun lẹ́rẹ̀kẹ́, etí ń dun òun, òun ò gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Èyí tó wá dá kún un ni pé ó pe ìyá bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp, ní Ìlọrin. Màmá rí i tó ń sunkún pẹ̀lú àkoto lórí, wọ́n ní kí ló dé tí a fi ń di ẹrù lé ọmọ àwọn lórí, pé ọrùn rẹ̀ ò tíì gbó. Láti ìgbà náà, “Ìyá àgbà ní kí n má dé e” ni orin tó ń kọ sí mi létí. Òfin Alberta ti sọ dídé àkoto di dandan lórí ilẹ̀ ìjọba láti 2017, ṣùgbọ́n inú oko aládàáni ni wọ́n ti ń gun èyí, kò sí ọlọ́pàá tó máa bá mi sọ ọ́. Èmi ni òfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, Houston

Ìyá Àlàbí, ẹ kú ọmọ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ná ká tó dé orí àkoto. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, kò fọwọ́ sí i kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 gun quad rárá. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní tiwọn pín in sí ọjọ́ orí. Èyí tó kéré jù, Y-6+ ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, ti ọmọ ọdún 6 sókè nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ lè sáré ju máìlì 15 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Y-10+ àti Y-12+. Tí ẹ bá dé oko yẹn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kí ọmọ tó gorí rẹ̀. Bó bá ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀, àkoto kankan ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ti àwọn dókítà ni èmi fara mọ́, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbà, ọmọ náà á sì gùn ún, ẹ jẹ́ ká dáàbò bo orí rẹ̀. Ní 2008, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí oríṣiríṣi lórí àwọn tó ń gun alùpùpù jọ. Wọ́n rí i pé àkoto ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69 nínú 100, ó sì ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni orí ń bá pàdé. Quad ní tirẹ̀ máa ń dojú dé, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun. Orí ọmọdé sì wúwo lára rẹ̀ ju bí orí àgbà ṣe wúwo lára àgbà lọ. Bó bá já bọ́, orí ló sábà máa ń ṣáájú.

Bàbá Ìbejì, Ireland

Àwọn ará mi, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni mí, oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Láti November 2023 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwa tó ń fi quad ṣiṣẹ́ láti dé àkoto, ká sì gba ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń sá fún un, ká má tíì sọ ọmọdé.

Ìyá Àlàbí, ẹ gba ohun tí ọmọ yẹn ń sọ gbọ́. Bó bá ní etí ń dun òun, etí ń dùn ún ni. Bí àkoto bá ń wọlé, ó máa ń ká etí kò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di okùn abẹ́ àgbọ̀n mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹ fà á síta kí ẹnu àkoto là, lẹ́yìn náà kí ẹ tó rọra tì í wọlé. Ẹ wá ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún etí tẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ de okùn náà, ẹ fi ìka yín sáàárín okùn àti awọ ọrùn rẹ̀. Ọmọ tí okùn bá ti já awọ rẹ̀ jẹ rí kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ mú téèpù aránṣọ, ẹ yí i ká orí rẹ̀ lókè irun ojú díẹ̀, kó gba ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́ kọjá. Ẹ wá wo ìwé ìwọ̀n ẹni tó ṣe àkoto náà gan-an, torí M ti ọ̀kan kì í ṣe M ti èkejì. Mo mọ bí àwa ṣe máa ń ra nǹkan fún ọmọ. Ẹ má ra àkoto bí a ṣe ń ra aṣọ ọdún, tí a máa ń rà tó tóbi kó lè wọ̀ ọ́ títí ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá tóbi á máa yí kiri, á bò ó lójú, á sì ṣí kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ẹ dé e fún un, ẹ de okùn, ẹ di iwájú rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ wá fi ọwọ́ ti ìpàkọ́ àkoto náà síwájú láti ìsàlẹ̀. Bó bá ṣí kúrò lórí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ń fún un, wọ́n ń ta tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ́lẹ́ ju èyí tó bá a wá, ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá nípa ọrùn, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àkoto àgbà tí wọ́n gbé lé ọmọdé lórí wúwo fún un lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gbé méjì mẹ́ta wò lọ́wọ́ ní ilé ìtajà kí ẹ mú èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn tó ní àmì. Àmì ìlànà ààbò tí mò ń sọ ni DOT lọ́dọ̀ yín, tàbí ECE 22.06 lọ́dọ̀ tiwa, tàbí Snell. Wọn ò ṣe àkoto kẹ̀kẹ́ ológeere fún quad, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n. Irú ti àwọn tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ ló dára fún un, èyí tí ibi ẹnu rẹ̀ yọ síwájú. Atẹ́gùn máa ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, ooru inú rẹ̀ á dín kù.

Ọmọ Igbájà, Minnesota

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìbéèrè ni mo fẹ́ béèrè. Tí ọkọ yín bá gbé e síwájú ara rẹ̀ lórí quad ńlá, tó sì rọra ń wà á, ṣé kò ní ṣe? Nílé, èmi àti àbúrò mi méjì la jọ máa ń wà lórí ọ̀kadà bàbá wa láti Igbájà dé Àjàṣẹ́, a ò dé nǹkan kan, Ọlọ́run sì ṣọ́ wa. Ó dà bíi pé bàbá tó di ọmọ rẹ̀ mú á fi í lọ́kàn balẹ̀ ju àkoto lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, Houston

Àbúrò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ṣọ́ yín, èmi náà gùn ún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ quad fún. Àga rẹ̀ gùn torí kí ẹni tó ń wà á lè sún síwájú, sún sẹ́yìn, kó sì fi ara rẹ̀ tẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti ga. Bí ọmọ bá wà níwájú rẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì kọlu nǹkan, ọmọ ló máa wà láàárín irin ọwọ́ ẹ̀rọ àti ara bàbá rẹ̀. Ẹ má gbà á, bí ó ti wù kó rọra tó.

Ẹ sì rántí pé nílé náà, láti oṣù kìíní 2009 ni àwọn FRSC ti ń fi dandan lé e pé kí ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé dé àkoto. Igbá àti ike ọ̀dà làwọn kan dé nígbà náà torí kí wọ́n má baà mú wọn. Ẹ̀rù ẹni tó máa mú wọn ni wọ́n fi dé e. Àlàbí ò gbọdọ̀ kọ́ ọ lọ́nà yẹn. Kó mọ̀ pé orí òun ni.

Ìyá Àdùnní, Birmingham

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Ìta-Ògúnbọ̀ ni ilé bàbá mi. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin 1998 kò gbà kí ọmọ tí kò pé 13 gun ẹ̀rọ iṣẹ́ oko, quad tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko wà nínú rẹ̀. Níbi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń gun ti ọmọdé ni àwọn tèmi ti ń gùn ún, ọkùnrin kan, obìnrin kan.

Ìyá Àlàbí, ohun tí mo rí ni pé ìdí ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kí ọmọ ti kọ́kọ́ dé àkoto. Níbẹ̀, ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, àwọn ọmọ yòókù ti ń gùn, ohunkóhun tó bá dá a dúró, ọ̀tá rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó mú un lọ́wọ́ nílé. Kó dé e fún bẹ́árì rẹ̀, kó dé e fún bàbá rẹ̀. Kó jókòó dé e wo kátúùnù, kó sì ṣí i fúnra rẹ̀ nígbà tó bá sú u. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú okùn náà. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè bọ́ ọ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára nínú ilé, ẹ jẹ́ kó dé e gun kẹ̀kẹ́ tàbí kó fi sáré nínú ọgbà díẹ̀. Ẹ má yára.

Pé kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ bá a ṣe àdéhùn ọwọ́: ọwọ́ sókè ni “dúró,” àtàǹpàkò ni “ó dáa,” ọwọ́ lórí àkoto ni “wá bá mi.” Tèmi fẹ́ràn ìyẹn ju gígùn rẹ̀ gan-an lọ. Tí mo bá sì ń dé e fún un, oríkì rẹ̀ ni mo máa ń kì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí okùn fi máa wọlé. Àlàbí náà ní oríkì, ẹ kì í. Ọmọ tí wọ́n ń kì, á dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ ti irun o. Ṣùkú kò bá àkoto lọ, irun tí wọ́n fi òwú kó tó nà sókè náà kò bá a lọ. Àkoto á gun orí irun, kò ní kan orí, bí a bá sì fi tipá tì í, á máa dun ọmọ. Kòlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dì fún un, kó lẹ̀ mọ́ orí, kó parí sí ọrùn, láìsí ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà tí irun bá wà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wọn orí rẹ̀. Àdùnní ń wọ híjáàbù, nítorí náà èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì fún mọ́ orí ni mo máa ń wọ̀ ọ́ sábẹ́ àkoto, kò sí pín, kò sí kókó lábẹ́ àgbọ̀n. Etí híjáàbù náà ni a ki bọ inú aṣọ rẹ̀ kó má fẹ́ lẹ́lẹ́ wọ inú táyà.

Alàájì, Adéwọlé, Ìlọrin

Nílé ni mo wà, mò ń kà yín. Ìyàwó wa, ẹ má bá màmá yín jiyàn lórí fóònù lójú ọmọ. Ẹ pè wọ́n nígbà tí Àlàbí bá ń sùn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọrùn tí wọ́n sọ, ẹ ti gbà á, ẹ ti wá èyí tó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n pé àwọn ni kí wọ́n pàṣẹ fún un kó dé e. Ohun tí ìyá àgbà fẹnu ara wọn sọ, àwọn nìkan ló lè fẹnu ara wọn yí i padà.

Ẹ tún fi àwòrán Durbar wa hàn án, ti ẹ̀yìn Iléyá. Kó wo àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń lọ kí Ẹ́mírì, bí wọ́n ṣe wé láwàní, tí wọ́n múra láti òkè délẹ̀ kí wọ́n tó gun ẹṣin. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Leeds, ohun tó jẹ́ kó gbà nìyẹn, ó ní òun náà ń múra.

Tí ẹ bá sì ń mú un bọ̀ nílé, ẹ mú àkoto rẹ̀ dání, torí á rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀kadà láìdé nǹkan kan, á sì bi yín. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e wọ bàálù, kí wọ́n má baà jù ú kiri pẹ̀lú ẹrù.

Ìyá Àlàbí, Alberta

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti pe màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n pè padà tó bá jí. Mo wọn orí rẹ̀ lónìí, èyí tí a rà tóbi jù ú lọ lóòótọ́. Aládùúgbò wa ní òun ní èyí tí ọmọ òun ti dàgbà kọjá, òun á fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà á? Tó bá sì débẹ̀ tó tún sunkún ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Ireland

Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má bínú, ẹ má sì lù ú. Ọwọ́ yín ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Kò dé àkoto, ẹ̀rọ ò ní ṣí. Ó dé e, ó ṣí. Kò sí “ẹ̀ẹ̀kan péré,” kò sí “títí dé ìdí igi yẹn.” Bí ẹ bá gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, á máa bẹ̀bẹ̀ fún un ní gbogbo Sátidé. Kí aládùúgbò yín náà mọ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé tiwọn bákan náà, bàbá Àlàbí pẹ̀lú bó bá gun ti àgbà.

Ti ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ bi í bóyá wọ́n ti fi ṣubú rí. Fóòmù líle inú rẹ̀ ló ń gba ìkọlù, tó bá sì ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í wú padà, ojú ò sì lè rí i láti ìta. Ẹ wo déètì tí wọ́n ṣe é, ó máa ń wà lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀. Bó bá ti lé ní ọdún 5, tàbí tí kò bá rántí dájú bóyá ó ti ṣubú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ ra tuntun.