Láti HDD 500GB bọ́ sórí SSD 480GB: sọ́fúwíà wo ló yẹ kí n fi ṣe clone?

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Láptọ́ọ̀pù HP kan wà nílẹ̀, Windows 10 Pro ló wà lórí rẹ̀, HDD (hard disk àtijọ́ tó ń yí) 500GB ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lórí C: ń lọ sí 180GB. Oníbàárà tó ni ín kò fẹ́ kí a fi Windows tuntun sí i rárá, nítorí sọ́fúwíà ìṣirò owó kan tó ń lò. Ẹni tó fi í sí i fún un kò sí nítòsí mọ́, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti ra SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) SATA 480GB, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe clone rẹ̀ sí, ìyẹn kí n da gbogbo ohun tó wà lórí HDD kọ síbẹ̀ bó ṣe wà. Okùn USB 3.0 sí SATA wà, hard disk ìta 1TB náà wà.

Macrium Reflect, sọ́fúwíà clone tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan ní kí n lo Clonezilla, àwọn kan ní kí n lọ wá Macrium tí wọ́n ti fọ́ láísẹ́ǹsì rẹ̀. Èwo ló ṣeé gbọ́kàn lé? HDD náà ti ń fà gan-an, Windows ń gbà tó ìṣẹ́jú 5 kó tó ṣí tán.

Atúnláptọ́ọ̀pùṣe

Tíṣà, ẹ kú ìbéèrè. Èyí tí wọ́n fọ́ yẹn, ẹ má dán an wò. Irú sọ́fúwíà báyìí, àṣẹ administrator la fi ń ṣí i, gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì ló sì ń kà. Àkọsílẹ̀ owó ọlọ́wọ́ sì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn! Macrium ọ̀fẹ́ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti ní i nílẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ 1, oṣù Kínní, ọdún 2024 ni wọn kò ti tún àléébù ààbò inú rẹ̀ ṣe mọ́.

Kí á tó dárúkọ òmíràn, ẹ yẹ HDD yẹn wò ná. Ẹ ṣí CrystalDiskInfo, sọ́fúwíà tó ń fi ìlera díìsìkì hàn, kí ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. Hexadecimal ni nọ́ńbà tí ẹ máa bá níwájú wọn. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ yan 10 [DEC], ó máa di nọ́ńbà tí gbogbo wa ń kà. 05 ni iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí díìsìkì ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ni iye èyí tí kò rí kà tí kò sì tíì rọ́pò. C6 ni èyí tó gbìyànjú títí tí agbára rẹ̀ kò ká a. Bí C5 tàbí C6 bá ju 0 lọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe clone, ẹ má sì tẹ chkdsk /r, nítorí ó máa da orí tó ń ka díìsìkì padà sórí ibi tó ti jẹrà gan-an, léraléra, títí tó fi lè kú pátápátá.

Ìwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. HDD 500GB jẹ́ báìtì 500,107,862,016. SSD 480GB jẹ́ báìtì 480,103,981,056. Nínú Windows, ẹ máa rí 465GB àti 447GB. SSD yín kéré ju HDD lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà lórí HDD kò tó ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, sọ́fúwíà tó lè fún C: pọ̀ nígbà tó bá ń kọ ọ́ sórí SSD lẹ nílò. Ká ní 512GB ni oníbàárà rà ni, ọ̀rọ̀ yìí kò ní sí rárá.

Hasleo Backup Suite Free ni màá mú fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣe clone, ó ń ṣe image (ẹ̀dà gbogbo díìsìkì nínú fáìlì kan), ó sì máa jẹ́ kí ẹ tún ìwọ̀n ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí SSD náà bá jẹ́ ti Samsung, ilé iṣẹ́ náà ní tiẹ̀ tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Crucial àti Western Digital náà ń fún àwọn oníbàárà wọn ní ẹ̀dà Acronis True Image. Ṣùgbọ́n kò ní ṣí fún yín bí kò bá rí díìsìkì ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, okùn USB míì sì wà tó jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ ló ń gbé síwájú dípò ti SSD. Nípa ti àwọn yòókù tó ń pe ara wọn ní “free”, ẹ ka ojú ewé iye owó wọn kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa jẹ́ kí ẹ yan díìsìkì méjèèjì dé ìpele ìkẹyìn kó tó ní kí ẹ sanwó.

Ẹ gbé èsì CrystalDiskInfo wá, àti ohun tí `manage-bde -status` bá sọ (àṣẹ tó ń fi ipò BitLocker, àdììtú díìsìkì ti Windows, hàn), àti bí ìpín ṣe tò nínú Disk Management.

ỌmọLinux

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá sọ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé Clonezilla kò dára. Bí díìsìkì tuntun bá tó ti àtijọ́ tàbí tó jù ú lọ, èmi kì í wo òmíràn. Ẹ fi Rufus kọ ọ́ sórí flash, ẹ tẹ Esc lẹ́yìn náà F9 lórí HP, ẹ yan device-device, Beginner, disk_to_local_disk. Kìkì ibi tí fáìlì wà ló ń dà kọ, kì í da ibi tó ṣófo kọ. Rescuezilla wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi máàsì tẹ̀ ẹ́, image Clonezilla náà ló sì ń lò.

Ní ti 500 sí 480, àwọn kan á ní kí ẹ tẹ Expert, kí ẹ yan -icds kí ó má wo ìwọ̀n, kí ẹ yan -k1 kí ó dín ìpín kọ̀ọ̀kan kù ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Kò ní yọrí sí ibi tó dáa. Partclone, tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an lábẹ́ Clonezilla, kì í kọ NTFS (ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí ìpín) tó tóbi sínú ìpín tó kéré jù ú lọ. Ẹ ní láti kọ́kọ́ dín C: kù fúnra yín. Bí ẹ bá sì ti dín in kù, -k1 máa dín ìpín Recovery (ti àtúnṣe Windows) náà kù pẹ̀lú, NTFS inú Recovery kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ lè fi GParted, sọ́fúwíà tó ń tún ìpín díìsìkì tò, tò ó lẹ́sẹẹsẹ kó tó di pé ẹ ṣe clone, ṣùgbọ́n HDD oníbàárà lẹ máa máa tì síwá sẹ́yìn nígbà náà, láìsí ẹ̀dà kankan nílẹ̀. Èmi kò ní ṣe é.

Bí C5 bá ju 0 lọ, ddrescue, irinṣẹ́ Linux tó ń gba dátà là lórí díìsìkì tó ń bàjẹ́, ni kí ẹ lò, kì í ṣe sọ́fúwíà clone kankan. Díìsìkì tó máa gbà á gbọ́dọ̀ tó báìtì HDD yẹn tàbí kó jù ú lọ, nítorí náà SSD 480 kò lè gbà á tààrà. Hard disk 1TB lè gbà á, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ máa lọ. Ẹ fi `lsblk -o NAME,SIZE,MODEL` mọ èwo ni èwo, lẹ́yìn náà:

`ddrescue -f -n /dev/sdX /dev/sdY rescue.map`
`ddrescue -f -d -r3 /dev/sdX /dev/sdY rescue.map`

X ni àtijọ́, Y ni èyí tó máa gbà á. Ẹni tó bá gbé X sípò Y ti pa dátà rẹ́ nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ máa kó ibi tó rọrùn, ó máa fo ibi tó le; ti èkejì á padà sí ibi tó le nígbà mẹ́ta. Inú rescue.map ló ń kọ ibi tó dé sí. Ẹ fi í pamọ́ sórí flash míì, pé bí iná bá lọ, kí ó lè tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣé gan-an. Èsì rèé: 05 jẹ́ 0, C5 jẹ́ 0, C6 jẹ́ 0. C7 ló jẹ́ 212. manage-bde sọ pé C: jẹ́ “Fully Encrypted”, ó sì tún sọ pé “Protection Off”. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ìpín mẹ́ta ni mo rí nínú Disk Management: EFI (ìpín tí kọ̀ǹpútà fi ń tan Windows) 260MB, C: 464GB, Recovery 980MB lópin pátápátá.

Atúnláptọ́ọ̀pùṣe

C7 kì í ṣe àìsàn inú díìsìkì. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín díìsìkì àti bọ́ọ̀dù ló ń kà, okùn tàbí ẹnu ibi tí a ti ń fi í sí ló sábà máa ń fà á. Nọ́ńbà náà kì í padà sí 0. Bí kò bá ti lọ sókè sí i, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi SSD sí i, ẹ wo okùn pẹlẹbẹ tó lọ sí bọ́ọ̀dù bóyá ó ti ká.

BitLocker ni kí ẹ kọjú sí. “Fully Encrypted” pẹ̀lú “Protection Off” túmọ̀ sí pé dátà ṣì wà ní àdììtú, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lójútáyé lórí díìsìkì kan náà: ẹnì kan dá a dúró, kò pa á. Sọ́fúwíà bíi Clonezilla tó bá tan láti flash kò ní rí NTFS níbẹ̀, gbogbo 464GB ló máa gbà pé ó kún, kò sì ní lè fún un pọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú administrator, ẹ tẹ `manage-bde -off C:`. Lórí HDD ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ máa wo status títí ó fi di “Fully Decrypted”, kí ó tó di pé ẹ ṣe ohunkóhun míì.

Lẹ́yìn ìyẹn, `powercfg /h off`. Ó máa pa hibernation àti Fast Startup, ó sì máa dá ààyè padà lórí C:. Ẹ tẹ `chkdsk C: /f`, ẹ tún un tàn. /f o, kì í ṣe /r.

Image ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, sórí 1TB, kí ẹ tó fọwọ́ kan SSD rárá. Ẹ yan ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣe verify nígbà tó bá parí. Bí clone bá dàrú lọ́nà, image yìí lẹ máa padà sí. Ẹ tún fi sọ́fúwíà náà ṣe flash ìgbàlà rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí image tí kò sí ohun tí a ó fi ṣí i kò wúlò lọ́jọ́ tí Windows bá kọ̀ láti tàn.

Ó wá ku clone. Ẹ ki SSD bọ ẹnu USB 3 lára láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ẹ má gba hub kọjá, kí chárjà wà lára rẹ̀, kí bátìrì sì ti kún. Níbi tó ti ń fi bí ìpín ṣe máa tò hàn, ẹ fi EFI sílẹ̀ ní 260MB, kí Recovery wà lẹ́yìn C: ní 980MB, kí C: gba gbogbo ìyókù. Ẹ má jẹ́ kí ó fi àyè ṣófo sílẹ̀ lẹ́yìn Recovery, nítorí Windows kì í lè fa C: gùn bí ìpín míì bá dábùú rẹ̀. HDD àtijọ́ ló máa pinnu bó ṣe máa yá: ní 80 sí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 180GB máa gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bí ẹ bá rí i pé ó ń sún mọ́ wákàtí kan àbọ̀, ẹ yẹ ẹnu USB wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu USB 2 lẹ ki SSD bọ̀.

Tó bá parí, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ HDD, ẹ fi SSD sípò rẹ̀, kí ẹ tó tan án. Ẹ má tan án pẹ̀lú àwọn méjèèjì lára rẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ kan náà ló wà lórí wọn: Windows lè tan láti orí èyí tí ẹ kò rò, tàbí kó sọ ọ̀kan di offline.

EFI tó wà níbẹ̀ fi hàn pé GPT àti UEFI ni (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín díìsìkì àti tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà), nítorí náà ẹ má yí BIOS sí Legacy. Bí HP bá sọ pé “Boot Device Not Found (3F0)”, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá SSD wọlé dáadáa. Bí BIOS bá rí i tí Windows kò sì ṣí, ẹ tan flash Windows, ẹ tẹ Shift+F10, ẹ fi diskpart fún EFI ní lẹ́tà S, lẹ́yìn náà `bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI`. Ẹ kọ́kọ́ fi `dir` wo lẹ́tà tí Windows wà ní tòótọ́, torí lórí flash, C: lè di D:.

Nígbà tó bá ti ṣí, `fsutil behavior query DisableDeleteNotify` yẹ kó fún yín ní 0 fún NTFS, èyí ni pé TRIM (bí Windows ṣe ń sọ fún SSD ibi tí fáìlì kò sí mọ́) ń ṣiṣẹ́. `reagentc /info` máa sọ bóyá Recovery ṣì wà ní Enabled. Bí kò bá sí, `reagentc /enable`. Kí oníbàárà tún BitLocker ṣí bó bá fẹ́ ẹ, kí ó sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 náà síbòmíràn tó yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù ọ̀hún.

Dátà_Kìí_Sùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán SSD fúnra rẹ̀ wò kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọjà olówó pọ́ọ́kú. Ayédèrú wà tó ń sọ pé 480GB ni òun, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ dátà lórí ara wọn láìsọ̀rọ̀. Clone máa parí wẹ́rẹ́ lórí irú rẹ̀, fáìlì ló máa bàjẹ́. Ẹ ṣe format rẹ̀ sí NTFS, ẹ lo H2testw pẹ̀lú “all available space”. Ó máa kún un, ó máa tún kà á padà. Ó ń pẹ́ díẹ̀ o. Àwọn onílinux ní f3write àti f3read fún iṣẹ́ kan náà.

Ohun kejì ni sọ́fúwíà ìṣirò owó yẹn. Windows kò ní béèrè láísẹ́ǹsì, bọ́ọ̀dù ló so tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n sọ́fúwíà míì wà tó so láísẹ́ǹsì mọ́ díìsìkì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ìpín C: ló ń wò, èyí tí `vol C:` ń fi hàn, clone máa gbé e lọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sínú díìsìkì fúnra rẹ̀ ni, clone kankan kò lè gbé ìyẹn, ó sì máa ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kí ẹ tó tú skúrúù kankan. Ẹ ní kí ó wá nọ́ńbà àwọn tó ṣe sọ́fúwíà náà. Ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí HDD títí yóò fi ṣí ìwé owó rẹ̀ lórí SSD, tí á sì tẹ ìwé kan jáde níbẹ̀.